Ṣé kí ọmọ mi fi Amẹ́ríkà pamọ́ ní Berlin?

Ìyá kan kọ̀wé sí mi láti ìpínlẹ̀ Maryland. Ohun tó kọ nìyí:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, tíṣà. Láti ọdún 2001 ni mo ti ń gbé ní Amẹ́ríkà, ibẹ̀ ni mo bí ọmọ mi obìnrin sí. Ọmọ Ìjẹ̀bú Òde ni èmi àti bàbá rẹ̀. Ó ti pé ọmọ ọdún 20 báyìí, ó sì ń lọ kàwé ní Berlin fún oṣù mẹ́fà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ti sọ fún un pé àwọn ará Yúróòpù kò fẹ́ rí ará Amẹ́ríkà sójú, pé kó gán àsíá Kánádà mọ́ báàgì rẹ̀, kó sì máa sọ pé Toronto lòun ti wá. Ọ̀rọ̀ náà ń bà mí lẹ́rù. Ṣé wọ́n kórìíra wọn tó bẹ́ẹ̀ ni? Kí ni àwọn ará ibòmíràn tiẹ̀ ń rí lára ará Amẹ́ríkà gan-an? Ẹ̀yin tí ẹ ti bá wọn gbé, ẹ bá mi dá sí i."

Ìyá wa, ẹ kú àníyàn ọmọ. Èyí tó ń gbé ọkàn yín sókè jù ni n ó kọ́kọ́ dáhùn: ẹ sọ fún un kó gbàgbé ọ̀rọ̀ àsíá Kánádà. Ọgbọ́n yẹn ti pẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tó ń rìnrìn àjò, kò sì dára lójú mi rí. Ẹni àkọ́kọ́ tó bá bi í pé "Àdúgbò wo ní Toronto?" ló máa tú àṣírí rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn lọ, irọ́ tó pa ni wọn yóò fi máa rántí rẹ̀. Àwọn ará Jámánì tí mo bá gbé kì í tètè gbójú fo irọ́, pàápàá irọ́ tí kò sídìí fún.

Ìbéèrè yín kejì ló gùn. Ọdún 19 ni mo fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Amẹ́ríkà ní èdè Yorùbá n'Íbàdàn. Mo sì gbé ní Berlin fún ọdún mẹ́rin, láti 2006 dé 2010. Nítorí náà, mo ti rí wọn nígbà tí wọ́n wá bá wa nílé, mo sì ti rí wọn nígbà tí èmi àti àwọn jọ jẹ́ àlejò lóde.

Ojú méjì ni aráyé fi ń wò wọ́n. Ojú kan ń wo ìjọba wọn: ààrẹ, àwọn ọmọ ogun, owó dọ́là. Ojú kejì ń wo ẹni tó jókòó tini nínú ọkọ̀ ojú irin. Bí ojú àkọ́kọ́ bá tilẹ̀ pọ́n koko, ojú kejì lè má pọ́n rárá. Àwọn Pew Research Center, tí wọ́n máa ń lọ láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè béèrè irú nǹkan báyìí, ṣe ìwádìí ní orílẹ̀-èdè 37 lọ́dún 2017. Ní Jámánì, ìdá 86 nínú 100 ló ti sọ lọ́dún tó ṣáájú pé àwọn gbọ́kàn lé Obama pé yóò ṣe ohun tó tọ́ lórí ọ̀rọ̀ ayé. Trump gorí àléfà, àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀ nípa tirẹ̀ kò ju ìdá 11 lọ. Iye àwọn tó ń fi ojú rere wo Amẹ́ríkà gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè náà wálẹ̀ láti 57 sí 35. Ọdún kan péré ni gbogbo èyí fi ṣẹlẹ̀, ìyá wa. Àwọn ará Amẹ́ríkà kò yí padà láàárín ọdún kan. Ẹni tó wà lórí àga ló yí padà. Nígbà tí wọ́n sì béèrè nípa àwọn èèyàn ibẹ̀ fúnra wọn ní gbogbo orílẹ̀-èdè 37 náà, bí a bá mú ti àárín, ìdá 58 ló sọ rere nípa wọn, nígbà tí orílẹ̀-èdè wọn gba 49.

Ẹ má sì rò pé ibi tí Amẹ́ríkà ti ṣe ibi jù ni wọ́n ti kórìíra wọn jù. Ní Vietnam, níbi tí bọ́ǹbù wọn ti rọ̀ bí òjò fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìdá 84 ló sọ pé àwọn fẹ́ràn Amẹ́ríkà nínú ìwádìí yẹn kan náà. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn èèyàn ibẹ̀ lónìí ni wọ́n bí lẹ́yìn tí ogun parí ní 1975, Ṣáínà tó múlé gbè wọ́n ló sì ń kọ wọ́n lóminú báyìí. Ní Cuba ńkọ́? Amẹ́ríkà ti di Guantánamo, ilẹ̀ kan ní Cuba, mú láti 1903, ó sì ti dí ọ̀nà òwò mọ́ erékùṣù náà láti 1962. Síbẹ̀, bí ọmọ ìgboro Havana bá ń sọ̀rọ̀ "La Yuma", ìyẹn Amẹ́ríkà, ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ibi tó wù ú láti dé lẹ ó gbọ́.

Berlin ní ìtàn tirẹ̀ pẹ̀lú wọn, ó sì yẹ kí ọmọ yín mọ̀ ọ́n kó tó débẹ̀. Ní oṣù Kẹfà 1948, ìjọba Soviet dí ọ̀nà ọkọ̀, ọ̀nà ojú irin àti ọ̀nà omi tó wọ ìwọ̀-oòrùn Berlin, apá ìlú tó wà lọ́wọ́ Amẹ́ríkà àti àwọn alájọṣe rẹ̀ lẹ́yìn ogun. Àwọn tó wà nínú ìlú náà lé ní mílíọ̀nù 2. Ọmọ ogun òfúrufú Amẹ́ríkà àti ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi bàálù kó oúnjẹ àti èédú wọlé fún wọn tọ̀sán-tòru, títí di oṣù Kẹsàn-án 1949. Bàálù fò lé ní ìgbà 270,000, ẹrù tí wọ́n kó sì lé ní mílíọ̀nù 2 tọ́ọ̀nù. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń wa bàálù náà ni Gail Halvorsen. Ó rí àwọn ọmọdé tó dúró lẹ́yìn ọgbà pápákọ̀ òfúrufú Tempelhof, ó sì fún wọn ní ṣingọ́ọ̀mù méjì tó wà lápò rẹ̀. Àwọn ọmọ náà já a pín, àwọn tí kò kàn gba bébà tí wọ́n fi wé e, wọ́n ń gbóòórùn rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́. Ó ṣèlérí pé òun yóò ju nǹkan dídùn sílẹ̀ fún wọn láti òkè, pé bí bàálù òun bá ń bọ̀, òun yóò mi apá rẹ̀ kí wọ́n lè dá a mọ̀. Áńkáṣíìfù ló fi ṣe agbòòrùn fún ṣokoléètì kí ó lè rọra balẹ̀. Rosinenbomber ni wọ́n ń pe àwọn bàálù wọ̀nyẹn ní Berlin títí di òní, ìyẹn bàálù tó ń fi èso àjàrà gbígbẹ ṣe bọ́ǹbù. Bẹ́ẹ̀, ọdún mẹ́ta péré ṣáájú, bọ́ǹbù gidi ni bàálù Amẹ́ríkà ń jù sórí ìlú náà. Halvorsen kú ní 2022, ẹni ọdún 101 ni.

Apá ìwọ̀-oòrùn nìkan ni o. Ẹni tó dàgbà ní apá ìlà-oòrùn, lábẹ́ ìjọba kọ́múníìsì, ohun tí wọ́n kọ́ ọ nílé ìwé nípa Amẹ́ríkà yàtọ̀ pátápátá. Ìlú kan náà, ìtàn méjì.

Ọ̀nà kan wà ní àárín ìlú náà tí wọ́n ń pè ní Straße des 17. Juni. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kejì 2003, èèyàn bí 500,000 ló kún ibẹ̀ láti kọ ogun tí Amẹ́ríkà fẹ́ gbé lọ sí Iraq. Ní oṣù Keje 2008, àwọn bí 200,000 tún kún ọ̀nà kan náà láti gbọ́rọ̀ lẹ́nu Obama, tí kò tíì di ààrẹ. Mo wà láàárín èrò yẹn. Obìnrin àgbàlagbà kan tó dúró tì mí sọ pé òun wà níbẹ̀ ní 2003 pẹ̀lú, ó sì na ìka sí igi tí òun dúró sí nídìí lọ́jọ́ náà. Mo bi í pé ṣé ọkàn rẹ̀ ti yí padà ni. Ó ní rárá o, pé ẹni tí èèyàn fẹ́ràn nìkan ni èèyàn ń bínú sí tó bẹ́ẹ̀. Mi ò lè sọ pé ọ̀rọ̀ gbogbo ará Berlin nìyẹn, ṣùgbọ́n kò kúrò lọ́kàn mi.

Ẹ jẹ́ ká wá kúrò nídìí ìjọba. Kí ni wọ́n ń rí lára èèyàn?

Wọ́n ní ohùn wọn ń lọ sókè jù, òótọ́ sì ni. Nínú ọkọ̀ ojú irin Berlin, níbi tí kálukú ti ń dákẹ́ wo iwájú, ẹ ó ti gbọ́ wọn kí ẹ tó rí wọn. Ìyẹn kì í ṣe nǹkan bàbàrà; ọmọ Yorùbá ni wá, àwa náà mọ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀.

Èyí tó jinlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rín wọn. Kurt Lewin, ọ̀mọ̀wé Júù kan tó sá kúrò ní Jámánì lọ sí Amẹ́ríkà ní 1933, kọ̀wé lórí rẹ̀ ní 1936. Ó rí i pé ará Amẹ́ríkà máa ń tètè ṣí ìlẹ̀kùn fún ẹni tí kò mọ̀ rí, tí yóò bá a rẹ́rìn-ín, tí yóò bá a sọ̀rọ̀ níbi tí wọ́n jọ ń dúró de ọkọ̀. Ṣùgbọ́n yàrá kan wà nínú lọ́hùn-ún tí kì í tètè gba ẹnikẹ́ni wọ̀. Ará Jámánì ní tirẹ̀, ẹnu ọ̀nà ló ti ń le. Bí o bá ti wọlé, o wọlé nìyẹn. Bí mo bá ń ṣàlàyé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, èso ilé wa ni mo máa ń lò. Àgbálùmọ̀ ni ẹ̀yin, ìka lásán ti tó láti fọ̀ yín, omi dídùn á jáde, àfi ìgbà tí eyín bá kan kóró. Àgbọn ni ará Jámánì, àdá ni wọ́n fi ń là á.

Ibi tí ìjà ti ń wá nìyẹn. Ará Amẹ́ríkà yóò sọ pé "Ó yẹ ká jọ jẹun lọ́jọ́ kan," ohun tó sì ń sọ kò ju "Inú mi dùn pé mo rí ẹ" lọ. Ará Jámánì á fa ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ yọ, á béèrè pé ọjọ́ wo. Tí ọjọ́ náà kò bá dé, á sọ pé èké ni wọ́n. Wọn kì í ṣe èké. Ìkíni ni wọ́n ṣe, ẹni kejì gbà á bí àdéhùn.

Nígbà tí Walmart, ilé ìtajà ńlá ti Amẹ́ríkà, wọ Jámánì ní 1997, wọ́n gbé àṣà ilé wọn dání: ẹnìkan dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń kí oníbàárà káàbọ̀, wọ́n sì ní kí àwọn tó ń gba owó máa rẹ́rìn-ín síni. Ní 2006, wọ́n ta ilé ìtajà wọn, wọ́n lọ. Mi ò ní parọ́ pé ẹ̀rín ló lé wọn. Àwọn ilé ìtajà onílẹ̀ ń tajà lówó pọ́ọ́kú ju tiwọn lọ, wọn kò sì mọwọ́ òfin iṣẹ́ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé Berlin lọ́dún yẹn gan-an, ọ̀rọ̀ ẹ̀rín yẹn lẹnu gbogbo wọn ń sọ. Obìnrin tó ni ilé tí mo gbé sọ fún mi pé, "Ẹni tí kò mọ̀ mí, kí ló ń fi mí rẹ́rìn-ín sí?"

Àwa náà ń kí ẹni tí a kò mọ̀, nítorí náà ẹ̀rín wọn kì í ṣòro fún wa. Ibòmíràn lọ̀rọ̀ ti máa ń kọ́ àwa lẹ́sẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan, ọmọkùnrin tó lọ́yàyà gan-an, kí ìyá ẹlẹ́kọ kan ní Bódìjà pé "Ẹ káàárọ̀ mà, ṣé dáadáa ni?" ó sì ti rìn kọjá kí ìyá náà tó lanu. Ìyá náà pè é padà: "Wá gbọ́ o, mi ò tíì dáhùn." Ó padà wá, ó dúró, ó gbọ́ nípa orúnkún ìyá, owó gaàrí àti ọmọ tó wà ní Ṣakí. Láti ọjọ́ náà ni ìyá ẹlẹ́kọ ti di ìyá rẹ̀.

Ìyá wa, ìtàn tí mo fẹ́ kí ọmọ yín mọ̀ ju gbogbo èyí lọ, Ìbàdàn ló ti ṣẹlẹ̀. Oṣù Kẹwàá 1961 ni. Òmìnira Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún kan. Kennedy, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, ti dá Peace Corps sílẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún yẹn, àwọn ọ̀dọ́ tó yọ̀ǹda ara wọn láti wá ṣe tíṣà nílẹ̀ wa sì ti dé University College Ibadan. Ọ̀kan nínú wọn ni Margery Michelmore, ọmọ ọdún 23. Ó kọ káàdì kékeré, irú èyí tí kì í ní àpòòwé, sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Massachusetts. Káàdì náà bọ́ sọnù nínú ọgbà kó tó dé pósítọ́fíìsì, akẹ́kọ̀ọ́ kan sì he é.

Ohun tó kọ ni pé ìlú náà fa òun mọ́ra, ṣùgbọ́n pé gbogbo ẹ̀kọ́ tí wọ́n fún àwọn kò múra àwọn sílẹ̀ fún ìdọ̀tí àti ìgbé-ayé aláìlajú tí àwọn rí. Ó ní gbogbo èèyàn, àfi àwọn, ló ń gbé lójú títì, tó ń dáná lójú títì, tó ń tajà lójú títì, tó tún ń yàgbẹ́ lójú títì. Ó tún kọ ọ́ pé lẹ́yìn tí ìpayà àkọ́kọ́ kúrò lára àwọn, àwọn rí i pé ìrírí tó lérè púpọ̀ ni. Apá yìí kò ṣe é láǹfààní kankan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ da káàdì náà kọ, wọ́n pín in káàkiri, wọ́n pe ìpàdé ńlá, wọ́n ní amí ni wọ́n, wọ́n ní kí wọ́n kó wọn lọ. Nínú gbọ̀ngàn ìjẹun, wọn ò bá wọn jókòó. Ó tọrọ àforíjì, ó sì fi Nàìjíríà sílẹ̀.

Mo ti ka ọ̀rọ̀ káàdì yẹn pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ́pọ̀ ìgbà, mo sì ń káàánú ọmọbìnrin náà. Kì í ṣe gbogbo ohun tó kọ ni irọ́. Àwọn ìyá wa ń dáná níta, wọ́n sì ń tajà níta. Ṣùgbọ́n ohun tó pè ní títì, ojúde ni. Ìbàdàn agboolé ni ó rí. Ojúde ni a ti ń jẹun, tí a ti ń yanjú ìjà, tí ọmọ ti ń gbọ́ àlọ́. Yàrá wà fún oorun. Ó wo ilé wa, ó rò pé ìta ni. Gbólóhùn tó sì gún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà jù, lójú tèmi, ni "àfi àwa". Àwọn tó ń bá jẹun lójoojúmọ́ nìyẹn, tó ń rẹ́rìn-ín sí. Wọ́n ti gbọ́ "aláìlajú" lẹ́nu òyìnbó tó lọ léṣìí, wọ́n rò pé ó ti bá a lọ.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó kù dúró. Ara gbóná fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ rọlẹ̀. Àwọn Peace Corps sì ṣe tíṣà káàkiri Nàìjíríà jálẹ̀ àwọn ọdún wọ̀nyẹn. Àwọn àgbà wà lónìí tó máa ń fi ìfẹ́ dárúkọ tíṣà wọn ará Amẹ́ríkà.

Káàdì ọmọ yín wà nínú fóònù rẹ̀. Ohun tó bá kọ nípa Berlin sórí Instagram lálẹ́, ẹni tí wọ́n jọ ń gbé ilé lè kà á láàárọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò rò. Ọmọ yín dúdú. Kì í ṣe ojú kan náà ni wọ́n fi ń wo gbogbo ará Amẹ́ríkà, kò sì fìgbà kan rí bẹ́ẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ṣọ́jà Amẹ́ríkà kún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn onílé ń kùn pé owó wọn pọ̀ jù, pé wọ́n ń ṣe fọ́ńté, pé wọ́n ń gba àwọn ọmọbìnrin. Àwọn ọ̀gá ológun Amẹ́ríkà mú òfin ìyàsọ́tọ̀ dúdú àti funfun wọn dání wá láti ilé. Ní Bamber Bridge, abúlé kan ní Lancashire, wọ́n ní kí àwọn onílé ọtí má jẹ́ kí dúdú bá funfun mu. Àwọn onílé ọtí náà kọ ọ́ sẹ́nu ọ̀nà pé ṣọ́jà dúdú nìkan ló lè wọlé. Ní alẹ́ ọjọ́ 24 oṣù Kẹfà 1943, àwọn ọlọ́pàá ológun Amẹ́ríkà tó jẹ́ funfun wá mú àwọn ṣọ́jà dúdú kan nílé ọtí, àwọn ará abúlé gbè sẹ́yìn àwọn dúdú. Ìbọn dún mọ́jú. Ṣọ́jà dúdú kan, William Crossland, kú níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ó má rò pé àwọ̀ rẹ̀ yóò gbà á sílẹ̀ níbi gbogbo. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ mi, ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú láti Amẹ́ríkà, tó sunkún ní ọjà Dùgbẹ̀ nítorí pé àwọn ọmọdé ń tẹ̀lé e, wọ́n ń kọrin "òyìnbó" sí i. Ó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ retí ọjọ́ tí yóò dé ilẹ̀ tí wọn kò ti ní pè é ní àjèjì. Mo ṣàlàyé fún un pé ìrìn rẹ̀ àti ohùn rẹ̀ ni wọ́n gbọ́, wọn ò wo awọ. Àlàyé náà tọ̀nà, kò sì gbà á lẹ́kún.

Ní Berlin, ìdàkejì èyí ni yóò bá ọmọ yín. Wọn yóò bi í pé níbo ló ti wá, yóò sọ pé Amẹ́ríkà, àwọn kan yóò sì tún bi í pé, "Níbo gan-an?" Ìbéèrè yẹn yóò dùn ún ju ohunkóhun tí wọ́n bá sọ nípa Trump lọ, ẹ kìlọ̀ fún un ṣáájú. Kí ó sọ Maryland. Bí ó bá wù ú, kí ó fi Ìjẹ̀bú Òde kún un, nítorí òótọ́ ni méjèèjì. Lẹ́yìn náà, kí òun náà bi wọ́n pé apá Berlin wo ni ìyá àgbà wọn wà nígbà tí àwọn bàálù ń fò wọlé, kí ó sì dúró gbọ́ èsì.